Ìyá Mouritala Tó Ń Wọn Ìdánìkanwà ní Koumassi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Ìyá Mouritala, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó ń tà, ibi tó ń yà sí ni kí ẹ béèrè. Ọmọ Ìgbòho ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Koumassi ní ìlú Abidjan. Abọ́ onírin ló ń rù láti ọjà Adjamé Roxy wá sí àdúgbò wa, tó ń kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Abọ́ tó yẹ kó tà tán kí oòrùn tó mú, ìrọ̀lẹ́ ni yóò ṣì bá a lórí rẹ̀, torí pé bó bá ti wọ ilé kan, ó di kó béèrè ìyá, kó béèrè bàbá, kó béèrè ọmọ tó ń wúkọ́ lóṣù tó kọjá. Èmi Bọ́láṣadé, télọ̀ ni mí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti mú kí n rán apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń bí mi nínú púpọ̀.

Ní ọdún 2008, nígbà tí ìlú ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn, eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹ. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé abọ́ jù sílẹ̀, kò gbọ́. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí iṣẹ́ mìíràn fi yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Adéṣọpẹ́ ló gbé e wá. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Treichville ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì ń ṣáájú Yorùbá lẹ́nu rẹ̀; Tantie, ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè wá. Ilé ìwádìí kan ní Cocody ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe òṣùwọ̀n kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì o. Èyí tí a ó fi mọ bí obìnrin tó fi ilé sílẹ̀ wá sí Abidjan ṣe dá wà tó ni, nítorí pé ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, àìsàn kì í pẹ́ mọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gba èmi nítorí mo lọ sílé ìwé díẹ̀, mo sì gbọ́ Faransé. Ó gba Ìyá Mouritala nítorí kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀.

Wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n sì ṣe káàdì fún wa tí a ó máa fi kọ́ ọrùn. Madame Ràmúlátù ni wọ́n kọ sára tirẹ̀. Látìgbà tó ti bí Mouritala, kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ yẹn mọ́ ní gbogbo Abidjan. Ó wo káàdì náà, ó tún un wò.

"Bọ́láṣadé, wò ó, èmi náà lórúkọ!"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi káàdì náà kọ́rùn lọ kí gbogbo àwọn tó ń ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àjókòóṣe, iṣẹ́ tí a kì í rù lórí, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí wọ́n bá ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ iṣẹ́ kan fún ara rẹ̀, èyí ni ì bá gbẹ́.

Èdè Faransé ni Dókítà fi kọ àwọn ìbéèrè náà, a sì jókòó ní Cocody láti yí wọn sí Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn kò ju "Mo dá wà" lọ, kí obìnrin náà sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà gbogbo, tàbí nígbà mìíràn, tàbí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A gbé e lọ fún àwọn díẹ̀ dán wò. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kà á fún gbé ọwọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun dá wà. Ẹnì kejì ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ní ṣẹ mọ́ òun lára. Ẹnì kẹta lé mi jáde. Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi báírò pa á rẹ́. Ohun tójú ń rí lójúmọ́ ni a wá fi rọ́pò rẹ̀. Bí ara rẹ kò bá yá, ta ni yóò wá wò ọ́? Bí o bá gbọ́ ìròyìn ayọ̀ láti ilé, ta ni wàá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Bí o bá fẹ́ jáde, ta ni o lè gbé ọmọ tì? Ṣé ilẹ̀ máa ń ṣú láìjẹ́ pé o bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ? Wọ́n dáhùn àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn dáhùn tomijé tomijé.

Ó wá ku ibi tí a ó ti dán òṣùwọ̀n náà wò bóyá ó ṣeé gbára lé. Dókítà ní a ó bi àwọn obìnrin kan ní gbogbo ìbéèrè náà, a ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Bí ìdáhùn wọn bá jọra, a jẹ́ pé òṣùwọ̀n wa dára. Bí kò bá jọra, a ti ṣiṣẹ́ lásán. Ó pín àwọn obìnrin náà láàárín àwa àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yòókù, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Tèmi jọra. Ti àwọn tó kù jọra. Ti Ìyá Mouritala nìkan ni kò jọ nǹkan kan.

Dókítà ránṣẹ́ pè mí, ojú rẹ̀ le koko. Ó tẹ́ ìwé kalẹ̀ síwájú mi.

"Tantie Bọ́lá, ẹ wo èyí. La première fois, ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ní kò sí ẹnìkan. La deuxième fois, ìgbà kejì, gbogbo wọn ní ẹnìkan wà. Gbogbo wọn! Ça là, c'est gâté, ó ti bàjẹ́. Àbí Tantie Ràmú jókòó sílé, ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni?"

Ara mi gbóná. Mo ní, "Dókítà, bí ẹ bá pe Ìyá Mouritala ní aláròyé, màá ṣe àmín sí i. Ẹ má pè é ní èké."

Ó ní kí n lọ wádìí rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló wà níbẹ̀, kí Ìyá Mouritala dá káàdì rẹ̀ padà, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Mo wọ wôrô-wôrô, takisí èrò, padà sí Koumassi. Ilé àkọ́kọ́ tí mo yà sí, n kò bá ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní obìnrin náà wà nílé kejì. Mo dé ilé kejì, wọ́n ní wọ́n ti jọ jáde. Lẹ́yìn mọ́sáláṣí kékeré kan ni mo ti wá bá wọn, gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé Ìyá Mouritala pátá, wọ́n pé jọ bí ọmọ ìyá. Wọ́n ń dirun fún ara wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, àwọn ọmọ wọn ń jà lórí bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín wọn sì ń dún dé títì. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ara wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé. Ṣé kì í ṣe ìyá tó wá béèrè ọ̀rọ̀ ló mú wọn mọra ni?

Ohun tó ṣe rèé. Kó tó ka ìbéèrè kankan, ó máa ń kí ènìyàn tẹbí tará, kò sì sí bó ṣe lè kí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò ní béèrè agbo ilé rẹ̀. Ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ìgbòho? Ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ṣakí? Bí obìnrin náà bá wá dé ibi tó ti ní kò sí ẹnìkan, Ìyá Mouritala yóò kọ "kò sí" sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, kí ọmọ agbo ilé kan, bí ilé Jagun, wà ní Abidjan kó ní òun kò lẹ́nìkan, kò lè ṣeé ṣe, wọn kò tíì mọ ara wọn ni. Bó bá ti jáde níbẹ̀, ó di ojúlé dé ojúlé. Yóò wá ọmọ ilé Jagun mìíràn rí, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ níyàwó láti ilé Jagun, tàbí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti bá wọn pàtẹ lọ́jà Ìgbòho rí, yóò sì fà á lọ́wọ́ wá. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹni tí kò lẹ́nìkan ti ní ìyá, ó ti ní ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ní ẹni tó ń bá a jà.

Nígbà tí mo jábọ̀, Dókítà gbé ọwọ́ lérí. Ó rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìyá Mouritala wá.

"Tantie, bí mo bá gbé àpò ìrẹsì lórí òṣùwọ̀n lónìí, tí mo tún gbé e sí i lọ́la, kílò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ le même, bákan náà. C'est comme ça, bẹ́ẹ̀ ni mo fi máa mọ̀ pé òṣùwọ̀n mi dára. Ẹ̀yin, láàárín ọ̀nà, ẹ bu ìrẹsì kún un!"

"Ṣé àpò náà kò ṣófo ni, Dókítà?"

"Ó ṣófo. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Deux semaines péré. Lẹ́yìn náà, ẹ kún un kó ya."

"Ènìyàn laṣọ, ọmọ mi. Ṣé kí n rí ẹni tó wà níhòòhò, kí n ní kó dúró de ọ̀sẹ̀ méjì?"

Dókítà kò bínú. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì ṣàlàyé. Bí òṣùwọ̀n náà bá yege, àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa fi wá àwọn obìnrin tó dá wà rí ní ìlú mìíràn, ní ibi tí Ìyá Mouritala kò lè fẹsẹ̀ dé láéláé. "Ẹsẹ̀ yín kò lè dé Bouaké, Tantie. Ìwé yìí lè dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Dókítà ní òun yóò fún un ní àwọn obìnrin mìíràn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn títí di ìgbà kejì, kò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Bí èyí náà bá tún bàjẹ́, òun yóò wá ẹlòmíràn. Ìyá Mouritala fi ọwọ́ bo káàdì ọrùn rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ni Dókítà bá ní èmi ni kí n máa ṣọ́ ọ.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi dé ọ̀dọ̀ Sàdíà.

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni, láti Ìgbòho. Àlàmín ọkọ rẹ̀ ń kó ọjà lọ sí ọ̀nà Korhogo, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Inú yàrá kan létí ọ̀sà ló fi í sí. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Jùlá tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Bó bá fẹ́ ra ata, ìka ló ń nà sí i. Mo jókòó ti Ìyá Mouritala lọ́jọ́ náà, ó sì kí i bó ṣe máa ń kí ènìyàn, ó béèrè agbo ilé rẹ̀, kí n tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka ìbéèrè. Gbogbo rẹ̀ pátá, kò sí ni ọmọ náà ń wí. Kò sunkún o. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì pé òun kò ní àga tí àlejò yóò jókòó lé.

A jáde. Nígbà tí a dé títì, Ìyá Mouritala dúró.

"Ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ni, Bọ́láṣadé. Ilé Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá ìyá mi."

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Mouritala."

"Mo gbọ́."

"Ẹ kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀."

"Mo ní mo gbọ́!"

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ ra ẹja létí ọ̀sà. Mo ní ẹja wà ní ìsàlẹ̀ títì. Ó ní ti ọ̀sà ló tutù. Mo ní kó jókòó. Ó ní ṣé kí òun ránṣẹ́ ni? Mo ní rírán náà, lílọ ni. Ó ní irú ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bọ́láṣadé, àwọn òbí rẹ̀ kò rí ọkàn líle rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ tó dùn bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń rán aṣọ mi lọ.

Lọ́jọ́ tó kángun sí ọjọ́ ìbéèrè kejì, òjò ńlá rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Koumassi, ẹ mọ ohun tí òjò máa ń ṣe fún àwọn tó ń gbé létí omi. Ìyá Mouritala dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo apá ọ̀sà.

"Bí omi bá wọ yàrá ọmọ yẹn, ta ni yóò bá a gbé ẹní?"

Mo ń tẹ ẹ̀rọ mi lọ. Inú ń bí mi sí òjò, sí Dókítà, sí ara mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ó ti bọ́ káàdì rẹ̀, ó fi í sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Bá mi dá a padà fún Dókítà. Kó má bínú. Mò ń lọ."

Mo fò dìde, mo dí ilẹ̀kùn. "Ìyá Mouritala, ọ̀la ni! Ó ku ọ̀la péré. Gbogbo àwọn obìnrin ìlú mìíràn tí Dókítà ń sọ, ṣé ẹ fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni?" Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé yóò tì mí subú. Ó padà lọ jókòó, ó fi ìborùn bojú, ó sì sunkún. Mo fi káàdì náà kọ́ ọ lọ́rùn padà, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n ní kó máa lọ.

Èmi ni Dókítà ní kí n lọ béèrè ti ìgbà kejì lọ́wọ́ Sàdíà. Ìyá Mouritala tẹ̀ lé mi. Ó gbé abọ́ oúnjẹ tí ó dì nínú aṣọ dání: ìrẹsì, ata díndín àti wàrà. Mo ní kò ní wọlé. Ó ní òun kò ní wọlé, ṣé wọ́n ní abọ́ òun kò gbọdọ̀ dúró ní títì ni? Ó lọ dúró níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Màmúdù ti ń ta tíì ní òdìkejì títì.

Mo bá ẹní tó tutù lórí okùn lẹ́nu ọ̀nà. Sàdíà kúnlẹ̀ kí mi, ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn. Mo ṣí ìwé.

"Bí ara rẹ kò bá yá, ta ni yóò wá wò ọ́?"

"Ìyá."

"Kì í ṣe ìyá rẹ tó wà ní Ìgbòho. Níbí ni mò ń wí."

"Níbí náà ni. Ìyá tí ẹ jọ wá níjọ́sí."

Báírò mi dúró. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ rẹ̀. Ìyá yẹn náà ni. Mo bi í bóyá ìyá náà ti padà wá síbẹ̀. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó ránṣẹ́ sí i. Ó ní rárá.

"Kí ló dé tí o fi ń dárúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n béèrè agbo ilé mi ni, mà. Ẹni tó bá béèrè agbo ilé ènìyàn nílùú àjèjì, ó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbálẹ̀ dè wọ́n."

Ìwé wà lórí itan mi. Bí mo bá kọ "kò sí", ìdáhùn yóò jọra, Ìyá Mouritala yóò sì máa fi káàdì rẹ̀ kọ́rùn lọ. Bí mo bá kọ ohun tó sọ, Dókítà yóò ní ó tún ti bà á jẹ́. Mo kọ ohun tó sọ. Mo kà á fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì béèrè gbogbo ìyókù títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo yọ orí síta, mo pariwo.

"Ìyá Mouritala! Ẹ máa bọ̀ o!"

Ó sáré! Eékún tó ti ń dùn ún látọjọ́ yìí, n kò mọ ibi tó gbé e jù sí. Mọ́tò kan fun fèrè fún un, kò wò ó. Sàdíà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ mà pẹ́ o."

"Bi èyí léèrè," ni Ìyá Mouritala wí, ó nàka sí mi, "òun ló so mí mọ́lẹ̀." Ó fà á dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ń pè é ní ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìyá òun, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ tèmi nínú wàrà náà, n kò ní tàn yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a jọ lọ sí Cocody. Ìyá Mouritala ti bọ́ káàdì rẹ̀ lọ́rùn nínú ọkọ̀, ó mú un dání. Dókítà yẹ ìwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn obìnrin yòókù jọra, ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀. Ó wá kan ti Sàdíà.

"Tantie Ràmú, ṣé ẹ lọ síbẹ̀?"

"N kò lọ."

"Kò lọ," ni mo wí. "Mo fi Ọlọ́run búra. Agbo ilé rẹ̀ ló béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn nìkan." Mo ròyìn ohun tí Sàdíà wí, mo sọ ti ilẹ̀ tó ń gbá.

Dókítà ní, "Donc, kíkí yẹn, ça aussi, òun náà, ìrẹsì ni." Ó tún ìwé náà kà, ó sì gbé e sórí àwọn yòókù. Ó ní ẹnì kan kò lè yẹ òṣùwọ̀n nípò. Òun yóò kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, òṣùwọ̀n náà sì ti yege. Ó ní kí Ìyá Mouritala fi káàdì rẹ̀ sọ́rùn, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Mo hó yèè, n kò mọ̀gbà tí mo gbá Ìyá Mouritala mọ́ra, a sì ń fa ara wa lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé.

"Tantie."

A yíjú padà. Dókítà ń yí báírò lọ́wọ́, kò wò wá.

"Moi-même là, èmi fúnra mi... bàbá mi tètè kú. Ṣakí ṣá ni wọ́n wí. Mi ò mọ agbo ilé wa. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí."

Ìyá Mouritala sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó padà, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.

"Kí lorúkọ bàbá bàbá rẹ?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò burú. Kí ni bàbá rẹ ń tà ní Treichville, ta ni wọ́n sì jọ ń gbé?"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà mi, torí mo mọ̀ pé a kò ní tètè kúrò ní Cocody mọ́.